Apirọ́rọ́ Inú Ilé Ìdákẹ́

Ẹni tó sùn là ń jí; ẹnìkan kì í jí apirọ́rọ́.

Ọwọ́ òsì Bàbá Ajíṣefínní ló tú àṣírí rẹ̀. Fẹ̀yíntọlá, ọmọ rẹ̀ obìnrin, wọ yàrá wá láti yẹ àwo omi wò. Kó tó débi àwo, ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, ó kí bàbá rẹ̀ láìlanu. Òfin Ilé Ìdákẹ́, ilé ìwòsàn oorun tí wọ́n gbé bàbá sí, kò gba ohùn, ṣùgbọ́n kò sí òfin tó ní kí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé má kúnlẹ̀. Ojú bàbá wà ní dídì. Ó ń hanrun, èémí rẹ̀ ń lọ, ó ń bọ̀, bí ayùn tí ẹni méjì ń fà. Bí orúnkún ọmọ ṣe kan ilẹ̀ báyìí, ọwọ́ òsì bàbá gbéra lórí aṣọ ìbora, ó mì díẹ̀ bí ọwọ́ ẹni tó ń súre, ó yí àtẹ́lẹwọ́ padà bí ẹni tójú ń tì nítorí pé òsì ni, ó sì rọra padà sáyè rẹ̀. Ìhanrun kò dá dúró.

Fẹ̀yíntọlá kò dìde. Ẹni tó sùn kì í dáhùn ìkíni.

Ó jáde, ó tún wọlé, ó tún kúnlẹ̀. Ọwọ́ tún gbéra. Ó jáde lẹ́ẹ̀kan sí i, ó padà wá, ó dúró gbagidi bí òpó ilé; ọwọ́ kò mira. Ó wá kúnlẹ̀ wẹ́rẹ́, ọwọ́ sì ṣe bó ti ń ṣe. Ẹ̀rín gbé e, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu kó má baà bú jáde, nítorí àwọn ògiri.

Láyé àwọn babańlá wa, òwe ni wọ́n fi ń pa pé ògiri létí. Láyé Fẹ̀yíntọlá, wọ́n ti fi etí sí i ní tòótọ́, etí kékeré bí ìkarahun ìgbín, ní igun yàrá kọ̀ọ̀kan. Ọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ tí kò ju ìró ewé lọ, wọ́n á gbójú fò ó. Bó bá ti ju bẹ́ẹ̀ lọ, ògiri á pọ́n bí ata, wọ́n á ṣí fìlà lórí olùṣọ́ tó wà níbẹ̀, iṣẹ́ á bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹni tó wà lórí ibùsùn á sì bá ọkọ̀ Erékùṣù tó ń kó aláìsàn jìnnà sí ẹbí lọ láìsí pé ẹnikẹ́ni gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀. Olùṣọ́ tó wà níbẹ̀ lónìí ni Fẹ̀yíntọlá. Ẹni tó wà lórí ibùsùn ni bàbá tó bí i. Kí Ọlọ́run má fi irú rẹ̀ dán wa wò.

Ó gbójú sókè wo àwo omi. Àwo dígí ni, ó fẹ̀ bí àtẹ ìfẹ́kà, ó rọ̀ sókè orí ibùsùn, ó sì ń fi inú orí aláìsàn hàn. Àwọn ọ̀nà omi wà níbẹ̀ bí okùn tẹ́ẹ́rẹ́ aláwọ̀ aró, wọ́n rọ̀ mọ́ ara iṣan ẹ̀jẹ̀ bí ìtàkùn ṣe ń rọ̀ mọ́ igi. Lórí ẹni tó bá sùn wọra, ńṣe ni omi yóò máa rìn nínú okùn wọ̀nyí, a máa tẹ̀lé lílù ọkàn, a máa wọ gbogbo kọ̀rọ̀ ọpọlọ, a máa kó pàǹtírí ọjọ́ jáde. Lórí bàbá, okùn aró náà sùn sílẹ̀ kalẹ̀. Ní apá òsì, ibi tí àrùn ti bá a, àbààwọ́n kan wà níbẹ̀ tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí ẹrẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn ọwọ́ rẹ̀. Ní ìlú Òkè-Ọ̀sà, bí ilẹ̀ bá mọ́, wọn kì í béèrè lọ́wọ́ ara wọn bóyá wọ́n jíire. "Ṣé orí mọ́?" ni wọ́n ń wí, onítọ̀hún á na ìlẹ̀kẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ síta, á ní, "Ó mọ́, ọpẹ́ ni f'Ólúwa." Bí ìlẹ̀kẹ̀ bá funfun, oorun ti fọ orí. Bó bá ní àwọ̀ ẹrẹ̀, ọkọ̀ ojú omi kò ní gbé ènìyàn, ìlẹ̀kùn ọ́fíìsì kò ní ṣí, àlùfáà kò sì ní so onítọ̀hún pọ̀ mọ́ ìyàwó. Àwọn ìgbìmọ̀ ìlú pàápàá gbọ́dọ̀ na ìlẹ̀kẹ̀ kí wọ́n tó dìbò, ìdí sì nìyẹn tí ìpàdé wọn kò fi gùn mọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, Ọ̀gá Àṣàolú, alábòójútó Ilé Ìdákẹ́, ti wá dúró níwájú àwo omi náà. Ọkùnrin gíga ni, kì í wọ bàtà nítorí ìró ẹsẹ̀, ó sì ní fèrè kan lọ́rùn tí ènìyàn kì í gbọ́ ohùn rẹ̀, àwọn ẹ̀rọ tó ń gbé aláìsàn nìkan ló ń gbọ́ ọ. Ó fi kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sọ fún Fẹ̀yíntọlá pé inú òun kò dùn sí i, ṣùgbọ́n bàbá ti sùn títí, omi kò rìn, ó túmọ̀ sí pé ọ̀nà omi ti dí pa. Oògùn oorun kò wúlò, ojú nìkan ló ń pa dé, kì í ṣí ojú omi. Ó ku Erékùṣù. Ọdún kan gbáko ni wọ́n ń lò níbẹ̀, ohùn ẹbí kì í sì í débẹ̀. Ọkọ̀ yóò wá gbé bàbá lẹ́yìn oorun ọ̀sán, àyàfi bí ìlẹ̀kẹ̀ bá yí àwọ̀ padà kó tó dé.

Fẹ̀yíntọlá ti sunkún tirẹ̀ nínú yàrá aṣọ, ó ti nu ojú. Ní báyìí, ó tẹ̀ mọ́ etí bàbá.

"Bàámi, ẹ ò sùn."

Ojú kan là. Èkejì dúró síbẹ̀ bí ẹni pé òun kò sí nínú ọ̀rọ̀ náà. Ẹnu bàbá ti wọ́ díẹ̀ láti ìgbà tí àrùn ti dé, ọ̀rọ̀ kì í sì í jáde mọ́, àfi àjákù ohùn. Ó gbìyànjú. Ó fi ahọ́n wá ọ̀rọ̀ bí ẹni ń fi ọwọ́ wá abẹ́rẹ́ lórí ẹní.

"Ta ni... yóò jí... mi?"

Fẹ̀yíntọlá dáhùn kẹ́lẹ́ pé ibùsùn ni. Bí fèrè ìjí bá dún, ibùsùn a gbé orí ènìyàn sókè díẹ̀díẹ̀, a fi atẹ́gùn tútù sí i lójú, gbogbo ayé ló ń jí bẹ́ẹ̀. Bàbá wò ó bí ẹni tí wọ́n gbé ọbẹ̀ àná tí kò níyọ̀ síwájú rẹ̀. Ó pa ojú náà dé, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí hanrun padà, lójú ẹsẹ̀, láìtiẹ̀ dúró kí ìtìjú kọjá.

Ìyá rẹ̀ wà lábẹ́ igi fúrúǹtù lójúde ọgbà. Àwẹ̀ró ni wọ́n ń kì í, Ìyá Fẹ̀yí ni wọ́n ń pè é. Ọlọ́run dá ohùn fún un bí ẹni tó fẹ́ kó máa ti orí òkè kan bá ará òkè kejì ná ọjà. Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé ọkọ rẹ̀ dé, wọ́n ní kó sọ orúkọ rẹ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sí etí ẹnubodè, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ó lè wọlé. Ó sọ ọ́. Àwọn ẹyẹ tó wà lórí fúrúǹtù fò lọ, ẹnubodè pọ́n bí ojú ẹni tí ata ta sí. Àwẹ̀ró ní bí ìyẹn kì í bá ṣe kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, òun kò mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà náà ló ti ń wá láràárọ̀ pẹ̀lú ògì gbígbóná nínú fúláàsì, tó ń jókòó, tó ń gbàdúrà, tó sì ń bi gbogbo ẹni tó bá jáde léèrè bóyá ọkọ òun ti béèrè òun.

Fẹ̀yíntọlá ti fi gọ́tà ṣàlàyé àìsàn náà fún un, nítorí pé gọ́tà ni iṣẹ́ tí Bàbá Ajíṣefínní fi tọ́ ọmọ. Kò sí kòtò omi kan ní Òkè-Ọ̀sà tí kò ti ọwọ́ rẹ̀ kọjá. Àní ẹ̀gbẹ́ gọ́tà ni rọpárọsẹ̀ ti bá a. Àwọn ìgbìmọ̀ ra ẹ̀rọ tuntun tó ń gbẹ́ gọ́tà, ẹ̀rọ náà ń gbẹ́ ẹ lọ gbọọrọ, bàbá sì dúró níwájú rẹ̀, ó ń bá irin wí, ó ń sọ fún un pé omi kì í rìn gbọọrọ, pé omi fẹ́ràn kó máa jó díẹ̀ bó bá ń lọ. Ibi tó ti ń ṣe àpèjúwe ijó náà fún ẹ̀rọ ni ẹnu rẹ̀ ti wọ́, tí ṣọ́bìrì bọ́ lọ́wọ́ ọ̀tún, tí ẹsẹ̀ ọ̀tún kò gbé e mọ́. Ẹ̀rọ náà ló figbe ta pe àwọn ènìyàn, nítorí náà bàbá kò lè bá a ṣọ̀tá mọ́. Àwọn oníṣègùn tètè yọ́ ẹ̀jẹ̀ dídì tó dí iṣan. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ àkọ́kọ́, omi tó yẹ kó máa fọ orí fẹ́ ya bo ọpọlọ bí ọ̀gbàrá. Àgbàrá òjò kò lóun ò ní í wólé, onílé ni kò ní gbà fún un. Wọ́n fi ẹ̀rọ sé omi náà títí wíwú fi rọlẹ̀. Nígbà tí wọ́n wá ṣí i kó wá gbá ẹ̀gbin tí àrùn fi sílẹ̀, omi kò wá mọ́. Àwẹ̀ró gbọ́ gbogbo rẹ̀ yé, ó ní ìyẹn náà ni wọ́n máa ń rí ní àdúgbò ìsàlẹ̀ bí òjò ńlá bá ti dá.

"Màámi," Fẹ̀yíntọlá wí, ó jókòó tì í, "Bàámi kò sùn láti ọjọ́ yìí. Wọ́n ń díbọ́n. Wọ́n tún ń hanrun sí i."

"Ta ló ń hanrun?"

"Bàámi."

"Bàbá rẹ kì í hanrun," Àwẹ̀ró wí. "Láyé rẹ̀, kò hanrun rí. Ẹ ò ṣe bi mí?"

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ìgbà tí ọmọ wá sọ ọ̀rọ̀ tí bàbá sọ fún un, pé ta ni yóò jí òun, ẹ̀rín náà kúrò. Ó tú gèlè orí rẹ̀, ó gbé e lé itan, ó ń fi ọwọ́ tẹ́ ẹ bí ẹni ń lọ aṣọ.

"Fẹ̀yí, oorun kì í ṣe ilé. Ọjà ni. Ẹni tó bá lọ, ẹni tó wà nílé ló ń pè é padà. Láti ọ̀sẹ̀ tí mo ti wọlé bàbá rẹ, oríkì ni mo fi ń jí i. Ta ló wá fẹ́ fi irin jí Àdìgún ọkọ mi?"

Ó sọ pé ẹ̀ẹ̀kan péré lòun sùn síta láìsí i, nígbà tí òun lọ tọ́jú àbúrò òun tó bímọ. Ọjọ́ tí òun máa fi dé, orí àga lòun ti bá ọkọ òun, ojú rẹ̀ pọ́n, ó ní olè lòun ń ṣọ́. Ilé tí kò sí nǹkan kan níbẹ̀ ju ṣọ́bìrì lọ.

Fẹ̀yíntọlá ti gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀ láfẹ̀mọ́júmọ́ láti kékeré, ó ti gbọ́ ọ títí tó fi dà bí kíkọ àkùkọ létí rẹ̀, kò sì bi ara rẹ̀ rí ohun tó wà fún. Ó wá yé e. Kì í ṣe pé ọ̀nà omi bàbá dí. Bàbá jókòó sẹ́nu ọ̀nà ọjà náà ni, kò fẹ́ wọlé, nítorí kò rí ẹni tí yóò pè é bọ̀. Ó ń tòògbé fẹ́ẹ́rẹ́ bí ológbò, kí oorun tó jinlẹ̀ a ta gìrì. Ẹ̀rọ kò lè mọ̀ ọ́n, nítorí ìró tí ẹ̀rọ ń gbọ́ nínú orí ẹni tí rọpárọsẹ̀ ṣe kì í tọ́ nígbà kankan.

Bó bá lọ sọ fún Ọ̀gá Àṣàolú, Ọ̀gá á ní òótọ́ ni, á sì ní ṣùgbọ́n òfin ni. Bó bá dákẹ́, ọkọ̀ ń bọ̀. Bó bá mú ìyá rẹ̀ wọlé, tí ohùn ìyá sì bọ́, a jẹ́ pé ọmọ ló fọwọ́ ara rẹ̀ ti bàbá rẹ̀ sínú ọkọ̀. Ó gbé e wò lọ́tùn-ún, ó gbé e wò lósì, ó sì gbàdúrà kúkúrú tí ìyá rẹ̀ kọ́ ọ nígbà tó wà lọ́mọdé: Olúwa, fi ọ̀nà hàn mí, kí o sì bá mi rìn ín.

Ó ní, "Màámi, ẹ gba omi sẹ́nu."

Fèrè ọ̀sán dún. Jákèjádò Òkè-Ọ̀sà, ọjà fúnra rẹ̀ fa aṣọ ìbòjú wálẹ̀, ọkọ̀ ojú omi dúró lórí ọ̀sà, ènìyàn gbogbo wá ibi fẹ̀yìn lé. Ọ̀gá Àṣàolú náà lọ sínú yàrá rẹ̀, òfin kan náà ló de òun. Nígbà náà ni Fẹ̀yíntọlá mú ìyá rẹ̀ gba ẹnu ọ̀nà àwọn tó ń kó aṣọ wọlé. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Àwẹ̀ró yọ jáde ní méjèèjì, ó kún fún omi tó bù láti inú ìgò. Wọ́n ń lọ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ nígbà tí ẹ̀rọ tó ń nulẹ̀ yọ́ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Àwẹ̀ró tẹ orúnkún díẹ̀, ó kí i. Ẹ̀rọ kò dáhùn. Àwẹ̀ró bojú wẹ̀yìn wò ó tìkà-tẹ̀gbin, omi sì fẹ́ bú jáde lẹ́nu rẹ̀ nítorí ohun tó fẹ́ sọ sí i. Fẹ̀yíntọlá fà á lápá.

Wọ́n dé yàrá. Bàbá ń hanrun. Àwẹ̀ró gbé omi mì. Kò lanu. Ó bọ́ bàtà, ó gun ibùsùn, ó fa aṣọ ìbora bo orí àwọn méjèèjì bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nígbà tí ẹ̀fọn bá pọ̀ ní àdúgbò gọ́tà, ó sì fi ẹnu kan etí ọkọ rẹ̀ pátápátá.

"Àdìgún, máa lọ. Èmi Àwẹ̀ró ni yóò pè ọ́ padà."

Fẹ̀yíntọlá dijú. Nígbà tó là á, ògiri ti ní àwọ̀ inú ìbẹ́pẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pọ́n. Ó dúró bẹ́ẹ̀, ó rò ó wò, ó sì padà funfun.

Lábẹ́ aṣọ, ẹnìkan mí kanlẹ̀. Ìhanrun dúró.

Kò pẹ́ rárá. Okùn aró kan ní ẹ̀yìn orí mì. Ó mì bí ìgbà tí eṣinṣin bà lé omi. Òmíràn tẹ̀lé e. Lẹ́yìn náà ni gbogbo rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí rìn, wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ó ń tẹ̀lé lílù ọkàn, ó ń gba ẹ̀gbẹ́ iṣan wọ inú lọ. Àwọn èròjà inú ọpọlọ fún ara wọn jọ bí àwọn ènìyàn orí àga ìjọ ṣe ń sún kí ẹlòmíràn lè kọjá, omi sì gba àárín wọn. Kò rìn gbọọrọ. Ó ń yà síhìn-ín, ó ń yà sọ́hùn-ún, ó ń jó díẹ̀ bó ti ń lọ. Nígbà tó kan apá òsì, ó dúró ní etí àbààwọ́n náà bí àlejò tó ń kágò, ó sì wọlé. Ẹrẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí yọ létí, fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ẹ́rẹ́, ó ń bá omi jáde.

Fẹ̀yíntọlá kúnlẹ̀. Ọwọ́ bàbá kò mira. Ó dùn mọ́ ọn ju ìre tí bàbá tíì sú fún un rí lọ.

Wọ́n jókòó ti bàbá ní gbogbo oorun ọ̀sán náà. Ìlẹ̀kẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ kúrò ní àwọ̀ ẹrẹ̀, ó di àwọ̀ ògì bàbà. Kò tíì funfun. Oòrùn yí gba ojú fèrèsé kejì wọlé, Fẹ̀yíntọlá sì mọ̀ pé fèrè ìjí kò ní pẹ́ dún. Ó ṣẹ́wọ́ sí ìyá rẹ̀ pé kó gba omi sẹ́nu, kí wọ́n máa lọ. Ibùsùn á jí bàbá. Ọ̀gá á rí i pé ìlẹ̀kẹ̀ ti ń yí, bóyá á dá ọkọ̀ padà, ẹnikẹ́ni kò sì ní mọ̀.

Àwẹ̀ró mi orí. Ó fà á mọ́ra, ó fi ẹnu sí i létí bó ti ṣe fún ọkọ rẹ̀.

"Kì í ṣe oorun òní nìkan ló máa sùn, Fẹ̀yí. Bí irin bá jí i lónìí lẹ́yìn tí mo ti fi ẹnu mi ṣèlérí, lọ́la á tún di apirọ́rọ́. Kò ní gba ẹnu mi gbọ́ mọ́, kò sì ní gba tìrẹ."

Òótọ́ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Fẹ̀yíntọlá wo àbààwọ́n tó wà lórí àwo, ó wo ìlẹ̀kẹ̀ aláwọ̀ ògì. Oorun kan kò lè fọ ọ́ tán. Ó nílò ti ọ̀la àti ti ọ̀tunla, àti ọ̀pọ̀ oorun lẹ́yìn rẹ̀. Bí ó bá dákẹ́ lónìí, ó lè gba bàbá là lọ́wọ́ ọkọ̀ òní, kó sì fi í fún ọkọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ó na ọwọ́ sí abẹ́ ibùsùn, ó pa ẹ̀rọ tó ń jí ènìyàn. Ó ti ìlẹ̀kùn dáadáa nítorí àwọn aláìsàn yòókù, ó sì dúró títí fèrè ìjí fi dún, tí ibùsùn àwọn yàrá tó kù ti bẹ̀rẹ̀ sí gbé orí wọn sókè, kó má baà jẹ́ pé wọ́n bu omi ẹlòmíràn dà láti fi kún ti bàbá òun. Lẹ́yìn náà ó ṣí fìlà olùṣọ́ lórí ara rẹ̀, ó gbé e sílẹ̀ lẹ́bàá ìlẹ̀kùn, kí ẹni tó bá ń bọ̀ wá gbà á má baà ṣe wàhálà.

"Ẹ jí i, Màámi."

Àwẹ̀ró sọ̀ kalẹ̀ lórí ibùsùn. Ó tún ìró ró. Ó kúnlẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ bó ti ń ṣe láti ọjọ́ tó ti wọlé ọkọ, ó sì lanu.

"Àdìgún ọkọ mi, ilẹ̀ ti mọ́,
Alanà-f'ágbàrá-kó-má-bínú,
Ọmọ atọ́-odò-sọ́nà bí ẹni tọ́ ọmọ.
Òjò ṣú, ará ilé ń kẹ́rù, ará oko ń sá,
Àdìgún ń pọ́n ṣọ́bìrì bí ọkọ ìyàwó tó ń pọ́n bàtà.
A-fi-ẹrẹ̀-pa-ara-tó-tún-dán,
Ó wọ kòtò ó dúdú, ó jáde ó ń rẹ́rìn-ín.
Ọ̀gbàrá tó gbé afárá, tó gbé ọkọ̀, tó gbé ilé olówó,
Ó dé ẹsẹ̀ Àdìgún ó ní ẹ jọ̀ọ́, ọ̀nà dà?
Ẹni tó lọ ọjà, ọjà ti tú.
Àwọn tẹ́ ẹ jọ lọ ti dé, wọ́n ti ń sọ ìtàn ọ̀nà.
Ògì gbóná, àga ṣófo,
Èmi Àwẹ̀ró dúró lẹ́nu ọ̀nà, mi ò wọlé.
Àdìgún, bọ̀."

Láti ìlà kejì ni ògiri ti pọ́n. Nígbà tí yóò fi dé ìdí ọ̀gbàrá, yàrá náà ti pupa dé òkè àjà, etí ìkarahun tó wà ní igun kọ̀ọ̀kan sì ń gbọ̀n bí ewé. Àwẹ̀ró kò wo ògiri. Ojú ọkọ rẹ̀ ló ń wò. Ìka ọwọ́ òsì kọ́kọ́ yí. Ìpéǹpéjú méjèèjì gbọ̀n. Lẹ́yìn náà, láti ibi tó jìn, ohùn bàbá dáhùn bí ọkọ ṣe ń dáhùn ìyàwó tó ń kì í láàárọ̀:

"Hẹ̀n-ẹ́n."

Ojú méjèèjì là. Kò sí ìkan tó kù sẹ́yìn.

Ìlẹ̀kùn ṣí. Ọ̀gá Àṣàolú ló dúró níbẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ lásán, àmì ìrọ̀rí ṣì wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, fèrè ti wà lẹ́nu rẹ̀. Ó wo ògiri tó pọ́n. Ó wo fìlà nílẹ̀, ó wo Fẹ̀yíntọlá tí kò ní nǹkan kan lórí, ó sì wo obìnrin tó wà lórí ìkúnlẹ̀, tí ohùn rẹ̀ ṣì ń dún nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ bó tilẹ̀ ti dákẹ́. Fẹ̀yíntọlá sọ fún un ní tààrà pé òun ló mú un wọlé, pé kò sí ẹlòmíràn nínú ẹ̀ṣẹ̀ náà. Ojú Ọ̀gá ti bá àwo omi. Okùn aró ń mì síbẹ̀, àwọn tó kẹ́yìn, bí òpópónà tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá lórí rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló ti sọ láàárọ̀ pé ọ̀nà náà ti kú. Fèrè kúrò lẹ́nu rẹ̀, ó rọ̀ sílẹ̀ lọ́rùn, ọwọ́ rẹ̀ sì dúró lójú afẹ́fẹ́, kò mọ ibi tí yóò gbé e sí.

Bàbá Ajíṣefínní rí ọkùnrin gíga náà. Ó wò ó láti òkè délẹ̀, bí ó ti máa ń wo àwọn ọ̀dọ́ tó bá wá bẹ̀ ẹ́ fún iṣẹ́, ó rí i pé eegun rẹ̀ le. Ó wá ọ̀rọ̀. Ó pẹ́ díẹ̀, ahọ́n ṣì wúwo, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí ó bá wọn níbi tí wọ́n wà, wọ́n sì jáde tẹ̀lé ara wọn.

"Ọmọ mi," ó ní, "wá bá mi gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún yìí sílẹ̀."